Ẹni Tó Bá Kọ́kọ́ Parí Ni Kó Máa Lọ

Ìwé náà ń rùn dísẹ́ẹ̀lì. Ìwé ẹlẹ́yìn líle ni, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra, àmì àtàǹpàkò dúdú sì wà létí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Abala mẹ́ta ni wọ́n pín ojú ewé sí: ọjọ́, aago tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, aago tí wọ́n pa á. Bàbá tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì kan ló ń kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára ju tèmi lọ.

Ìbàdàn ni, ó tó ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Iléeṣẹ́ kan tó ní ọgọ́ta ọ́fíìsì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ló ránṣẹ́ pè mí pé owó dísẹ́ẹ̀lì fẹ́ gbé wọn mì. Wọ́n ti so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ wáyà NEPA ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ náà á kọ aago sílẹ̀. Bó bá lọ, á tún kọ ọ́. (Láti 2005 ni wọ́n ti pa orúkọ NEPA rẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò tíì gbọ́ kí ọmọdé pariwo orúkọ mìíràn nígbà tí iná bá dé.) Ohun tí Mádáàmù tó jẹ́ ọ̀gá àwọn oníṣirò owó fẹ́ mọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: wákàtí mélòó ni jẹnẹrétọ̀ fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá nígbà tí iná NEPA wà nílé?

Ẹ yọ dísẹ́ẹ̀lì kúrò níbẹ̀, ẹ yọ NEPA kúrò, àtòjọ méjì ló kù. Sáà ló wà nínú àtòjọ kọ̀ọ̀kan: nǹkan bẹ̀rẹ̀ níbì kan, ó parí níbì kan. Wọ́n tò wọ́n tẹ̀léra bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni láti wá ibi tí sáà inú àtòjọ kìn-ín-ní ti wọnú sáà inú àtòjọ kejì. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ kóòdù jẹun, mi ò sì rí iṣẹ́ tó máa ń pààrọ̀ aṣọ tó èyí. Lónìí ó lè jẹ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí èèyàn méjì gbà lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́la kó jẹ́ nọ́ọ̀sì tí orúkọ rẹ̀ jáde fún iṣẹ́ alẹ́ ní wọ́ọ̀dù méjì. Ọ̀kan náà ni lábẹ́ aṣọ.

Ohun tí ọwọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ lọ sí ni pé kí wọ́n mú sáà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n fi wé gbogbo sáà inú ìwé NEPA lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tọ̀nà, ìdáhùn rẹ̀ kò sì lábùkù. Èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ torí pé ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń tàn lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, tí iná NEPA sì ń wá lẹ́ẹ̀mẹjọ, sáà 1,825 àti 2,920 la ó ní lọ́dún ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Ìfiwéra 5,329,000 nìyẹn. Fún ọgọ́ta ọ́fíìsì, 319,740,000 ni. Láptọ́ọ̀pù tí mo ní nígbà náà ń mí bí ẹni tó sáré gun Òkè Olúmọ. Bẹ́ẹ̀, gbogbo sáà tó wà nínú ìwé méjèèjì ní gbogbo ọ́fíìsì kò tó 300,000. Ẹni tó bá rìn gba inú ìwé méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan péré ti rí ohun gbogbo tó yẹ kó rí.

Ìrìn yẹn, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i, kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà. Alájọ ni ìyá mi. Tí oníbàárà bá wá gba owó rẹ̀, ìyá mi á gbé káàdì oníbàárà sápá ọ̀tún, á gbé ìwé tirẹ̀ sápá òsì, á fi ìka kan lé káàdì, á fi ìka kejì lé ìwé. Bí ọjọ́ tó wà lábẹ́ ìka méjèèjì bá bára mu, méjèèjì á sún síwájú. Bí ọ̀kan bá rẹ̀yìn, òun nìkan ni yóò máa sún títí yóò fi bá èkejì. Kò sí ìka tó ń padà sókè. Ọmọ ìyá ìrìn yìí ni ọ̀nà tí John von Neumann kọ sílẹ̀ ní 1945 fún kọ̀ǹpútà EDVAC, láti fi da àtòjọ méjì tí wọ́n ti tò pọ̀ di ọ̀kan. Ìyá mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ti sáà fi díẹ̀ le ju ti ọjọ́ àjọ lọ, torí pé sáà ní orí, ó ní ìdí. Ẹ jẹ́ kí n mú ọjọ́ kan nínú ìwé Bàbá, kí ẹ lè fojú rí i. Jẹnẹrétọ̀ tàn láti 6:00 dé 9:15, ó tún tàn láti 13:00 dé 14:30. Iná NEPA wà láti 5:10 dé 6:20, láti 9:10 dé 13:05, àti láti 14:00 dé 14:10. Ẹ fi ìka lé sáà àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nínú ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì, ẹ mú èyí tó pẹ́ jù, ìyẹn 6:00. Nínú ìparí méjèèjì, ẹ mú èyí tó yá jù, ìyẹn 6:20. Àárín wọn ni ibi tí wọ́n ti wọnú ara wọn, ogún ìṣẹ́jú. Ìka wo ló kàn láti sún? Ti NEPA ni, nítorí òun ló kọ́kọ́ parí. Ó bọ́ sórí 9:10. Jẹnẹrétọ̀ ṣì wà lórí 6:00 sí 9:15, a rí ìṣẹ́jú márùn-ún. Jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ parí báyìí, òun ló sún, ó bọ́ sórí 13:00, a rí ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn títí dé 13:05. NEPA sún, ó bọ́ sórí 14:00, a rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwé NEPA tán, iṣẹ́ tán. Ogójì ìṣẹ́jú, ìfiwéra mẹ́rin.

Tí mo bá ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ lẹ́nu wò, ibi ìka tó yẹ kó sún yìí ni mo máa ń dúró lé. Ọ̀pọ̀ wọn á ní èyí tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ni kó sún. Ẹ tún ọjọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà yẹn rìn pẹ̀lú òfin tiwọn, ogójì ìṣẹ́jú náà ló máa jáde, ohun tó sì jẹ́ kí àṣìṣe náà pẹ́ láyé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọjọ́ tí NEPA ṣojú rere, tí iná wà láti 8:00 dé 17:00, tí ẹnì kan sì tan jẹnẹrétọ̀ ní 9:00 sí 9:30 àti ní 12:00 sí 12:20. NEPA ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lé e lọ lẹ́yìn ìpàdé àkọ́kọ́, ta ni yóò jẹ́rìí fún ti aago méjìlá? Ẹni tó kọ́kọ́ parí ni kó máa lọ, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere: bí sáà yìí bá parí kí ojúgbà rẹ̀ tó parí, àwọn tó wà lẹ́yìn ojúgbà rẹ̀ nínú ìwé kejì, lẹ́yìn tí ojúgbà náà bá parí ni wọ́n tó máa bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fi dé, ó ti lọ. Kò lè bá ẹnikẹ́ni nínú wọn pàdé mọ́, kí ló wá ń dúró ṣe?

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yìí ló mú mi rántí ohun mìíràn. Ní 1983, James Allen ka ọ̀nà tí sáà méjì lè gbà wà síra wọn, ó jẹ́ 13. Ọ̀kan lè ṣáájú, ọ̀kan lè gbé èkejì mì, wọ́n lè jọ bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má jọ parí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 13 yẹn, mẹ́sàn-án ni sáà méjì ti jọ ní ohun kan láàárín ara wọn. Mo ti rí kóòdù tí wọ́n kọ `if` mẹ́sàn-án sí nítorí rẹ̀, ọ̀kan fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, tí èkẹfà nínú wọn sì gbọ̀nà ẹ̀bùrú. Ìbéèrè méjì péré ló tó: ṣé ìkínní bẹ̀rẹ̀ kí èkejì tó parí? Ṣé èkejì bẹ̀rẹ̀ kí ìkínní tó parí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún méjèèjì, wọ́n pàdé.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tó kàn fara kan ara wọn. Jẹnẹrétọ̀ kú ní 9:15, NEPA dé ní 9:15. Ṣé wọ́n pàdé ni àbí wọn ò pàdé? Ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀, mo sì mọ ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀: bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní oǹkà ọjọ́ nílé ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Ọjọ́ ìbí wà nínú oǹkà, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà wà níbẹ̀. Ọjà ọlọ́rọọrún tí wọ́n bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ó tún ná an: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, ó pé márùn-ún. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà yọ ọjọ́ kan kúrò lára èkejì, mẹ́rin ni yóò pè é. Ìsán tí à ń kà sí mẹ́sàn-án, ọjọ́ mẹ́jọ ni; ìtàdógún tí orúkọ rẹ̀ ń kígbe 17, ọjọ́ 16 ni. Kò sí ohun tó burú nínú oǹkà yìí. Ẹni tó ń ná ọjà ń ka ọjọ́ tó fojú rí, kì í ka òru tó sùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ Ẹtì yẹn dáadáa: òun ló parí ọrún àkọ́kọ́, òun náà ló bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ọjọ́ kan ṣoṣo, a kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo ṣe kọ kóòdù mi nìyẹn. Ìṣẹ́jú tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ wà nínú sáà, ìṣẹ́jú tí wọ́n pa á wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí iná láti ọ̀dọ̀ NEPA sí jẹnẹrétọ̀ tàbí padà, kóòdù mi á rí ìṣẹ́jú kan tí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan, kí ni ìyẹn? Ọ́fíìsì tó bá yí i ní ìgbà 1,500 lọ́dún, wákàtí 25 ni, wákàtí 25 dísẹ́ẹ̀lì tí ẹnikẹ́ni ò jó.

Edsger Dijkstra ti kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní 1982 nínú ìwé kékeré kan tó fi ọwọ́ kọ, níbi tó ti ń sọ ìdí tó fi yẹ kí oǹkà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kí ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú sáà, kí ìparí má sí nínú rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá yọ ìbẹ̀rẹ̀ kúrò lára ìparí, gígùn sáà ló kù, láìsí pé à ń fi ọ̀kan kún un tàbí yọ ọ̀kan. Sáà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á sì jọ ní nọ́ńbà kan náà létí láìjẹ pé wọ́n jọ ní ìṣẹ́jú kankan. 9:15 di ti NEPA nìkan. Mo yí àmì kan péré padà nínú kóòdù, `<=` di `<`, wákàtí 25 náà sì pòórá. Nílé, mo ṣì ń ka ọjọ́ bí ìyá mi ṣe ń kà á. Lẹ́nu iṣẹ́, ní ìlà àkọ́kọ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ìparí wà nínú sáà tàbí kò sí. Mi ò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fọkàn rò.

Ohun kejì tó kó mi sínú wàhálà kò tiẹ̀ sí nínú ìrìn náà rárá. Akọ̀wé tó tẹ ìwé àwọn Bàbá sínú kọ̀ǹpútà tẹ aago bí ọ̀rọ̀, kò tẹ̀ ẹ́ bí nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà tó bá ń to ọ̀rọ̀ kì í wo iye, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ló ń wò: 1 ṣáájú 9, nítorí náà 10:30 ṣáájú 9:05. Lójoojúmọ́, gbogbo sáà ìdájí àti ti àárọ̀ kùtù bọ́ sẹ́yìn ti alẹ́. Ìka tó ń lọ síwájú nìkan kò lè mọ̀ pé ohun tó ń wá ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́, kò sí àkíyèsí pupa lójú kọ̀ǹpútà. Iye tó jáde kàn kéré ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gba iye yẹn gbọ́. Láti ìgbà náà, kóòdù mi máa ń wẹ̀yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ṣáájú èyí tó kọjá, kì í dá nǹkan tò fúnra rẹ̀, ṣe ló máa ń dúró, á sì pariwo nọ́ńbà ìlà tó ti rí i. Ìfiwéra kan péré ló ń ná mi. (Ti ọ̀gànjọ́ òru, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ní 22:40 tí wọ́n pa á ní 5:10, gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n: ẹ so ọjọ́ mọ́ aago, kó tán síbẹ̀.)

Àwọn tó ń ka jínómù mọ ìrora yìí jù wá lọ. Krómósómù 1 ti èèyàn nìkan gùn tó nǹkan bí mílíọ̀nù 249 lẹ́tà, jíìnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sáà kan lórí rẹ̀. Wọ́n á ní àtòjọ jíìnì lọ́wọ́ kan, wọ́n á ní àtòjọ ibi tí nǹkan ti yí padà lára aláìsàn lọ́wọ́ kejì, wọ́n á sì béèrè pé èwo ló bọ́ sínú èwo. BEDTools, tí Aaron Quinlan àti Ira Hall gbé jáde ní 2010, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti to fáìlì méjèèjì, ó lè rìn ín bí a ṣe rìn tiwa láìkó gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n fáìlì BED ń kà láti òdo, ìparí kò sí nínú rẹ̀; fáìlì GFF ń kà láti ení, ìparí wà nínú rẹ̀. Ọrún àti ìyọkúrò ló ń bára wọn jà níbẹ̀ yẹn náà, lórí ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Bí ẹnì kan bá sì to orúkọ krómósómù bí ọ̀rọ̀, chr10 á ṣáájú chr2. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rẹ́rìn-ín títí, bí ẹni tó bá ará ilé rẹ̀ pàdé lókè òkun.

Àdéhùn kẹta tún wà tí èèyàn kì í sọ jáde lẹ́nu: pé àwọn tó wà nínú ìwé kan náà kì í wọnú ara wọn. Mo ní èyí tó kọ́kọ́ parí ni kó máa lọ. Ìdí tí mo sì fi lè sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní í dé kí èyí tó wà níwájú rẹ̀ tó kúrò. Ọ́fíìsì kan ní jẹnẹrétọ̀ méjì, ńlá àti kékeré, inú ìwé kan náà ni wọ́n sì ń kọ wọ́n sí. Ńlá tàn láti 6:00 dé 18:00, kékeré tàn láti 7:00 dé 8:00. NEPA yọjú láti 7:15 dé 7:30. Ìka mi bá ńlá àti NEPA lórí ara wọn, ó kọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀. NEPA ló kọ́kọ́ parí, ó lọ, ìwé rẹ̀ tán, iṣẹ́ sì tán. Kékeré ò rí ẹni bá pàdé, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí nìkan lẹ fẹ́ mọ̀, ẹ kọ́kọ́ da àwọn sáà ìwé kan náà pọ̀, kí ńlá gbé kékeré mì, lẹ́yìn náà kí ẹ rìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ ẹni tó pàdé ẹni, ìka kan kò tó mọ́. Ẹ ní láti kó gbogbo sáà tó ṣì wà láàyè jọ síbì kan, kí ẹ máa yọ èyí tó bá parí, kí ẹ máa fi èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ kún un. Bí ìwé kan bá sì ní sáà márùn-ún, tí èkejì ní mílíọ̀nù kan, kí ni ẹ ń rìn sí? Ẹ là á láàárín, kí ẹ fò lọ síbi tó yẹ.

Nígbà tí mo tún gbogbo èyí ṣe tán, ọ́fíìsì mọ́kàndínlọ́gọ́ta jáde dáadáa. Ọ̀kan ló yọrí: ti Bàbá tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Bí ìwé tirẹ̀ ṣe sọ àti bí ẹ̀rọ ṣe sọ, tí iná bá dé, ó máa ń tó wákàtí kan kó tó pa jẹnẹrétọ̀. Lójoojúmọ́. Mo tẹ ìwé náà jáde, mo fi pupa kun ìlà tirẹ̀, mo sì gbé e fún Mádáàmù.

Wọ́n pe Bàbá wọlé. Ó bọ́ fìlà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

“Bàbá,” ni Mádáàmù wí, “kọ̀ǹpútà ní iná máa ń wà nílé tí ẹ ó ṣì máa jó dísẹ́ẹ̀lì. Wákàtí kan, wákàtí kan. Níbo ni dísẹ́ẹ̀lì yẹn ń lọ?”

Bàbá ò dá wọn lóhùn. Èmi ló kọjú sí. “Ọ̀gá, ọjọ́ wo ni kọ̀ǹpútà yín rí mi?”

Mo ní ojoojúmọ́ ni, sà.

“Ẹ wo Jímọ̀ tó kọjá fún mi. Mo ti mọ́ṣáláṣí dé, mo wo aago ọwọ́ mi ní géètì, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ ni iná dé. Aago wo ni kọ̀ǹpútà ní iná dé?”

Mo yí ojú ewé náà. Ẹ̀rọ kọ 12:50.

Wákàtí kan géérégé. Mo tún wo Ọjọ́bọ̀ rẹ̀, mo wo Ọjọ́rú, ara mi sì ti ń tutù kí n tó dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó so ẹ̀rọ mọ́ wáyà ní ọ́fíìsì yẹn ò yí aago rẹ̀ padà láti bó ṣe ti ilé tí wọ́n ti ṣe é wá. Aago Greenwich ló ń lò, aago tí wọ́n ń lò ní Lomé; tiwa àti ti Kútọnu fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí iná bá dé ni ẹ̀rọ ń kọ wákàtí kan tó ti kọjá sílẹ̀. Ìrìn ìka mi kò ní àbùkù kankan. Ó bá sáà méjì pàdé níbi tí wọn ò ti pàdé rí, ó sì ṣe é láìṣi ìṣẹ́jú kan.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá níwájú Mádáàmù. Ó ní kí n dìde, pé kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Mádáàmù ní kí wọ́n wá omi tútù fún Bàbá.

Nígbà tí mo yọ wákàtí kan náà kúrò, ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣì kù níbi gbogbo, kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ Bàbá nìkan. Mo lọ bá wọn ní ìdí jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kejì láti bi wọ́n. Ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ ká gbọ́ ara wa, ó di ìgbà tí wọ́n pa á.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, mi ò sì jẹ́ ọ̀gá mọ́ lẹ́nu wọn, “iná tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má tètè gbà á gbọ́. Ó lè wá kí ó sì lọ kí ẹ tó fọwọ́ kan change-over. Mo máa ń dúró wò ó. Bó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, n ó yí ẹrù sọ́dọ̀ NEPA, n ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ sáré lásán díẹ̀ kó tutù. Ẹni tó bá pa á lójijì, ẹ̀rọ ló ń pa.”

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n gé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò ní ìdí gbogbo sáà jẹnẹrétọ̀ kí n tó rìn. Inú mi dùn pé mi ò ṣe é. Bí èèyàn bá ti fi ìdájọ́ rẹ̀ po mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní í lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Mo jẹ́ kí ìrìn náà sọ òtítọ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá fi àsẹ́ kan sí i tó ní kí ìpàdé tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá láìsí ìbéèrè, mo sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kóòdù náà: ẹ̀rọ ń tutù.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìwé tuntun dé láti ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n ti fi rúlà fa ìlà kan sí i, abala ti di mẹ́rin. Lókè abala tuntun náà, wọ́n kọ “Iná dé” síbẹ̀, wọ́n sì fa igi méjì sábẹ́ rẹ̀. Iná dé 9:10, mo pa á 9:15. Iná dé 16:32, mo pa á 16:40. Ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n ṣe é. Abala yẹn ni mo wá fi ń yẹ aago ẹ̀rọ wò ní gbogbo ọgọ́ta ọ́fíìsì, lẹ́yìn tí Mádáàmù pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa kọ ọ́. Bí ẹ̀rọ bá ti yà kúrò lára aago ọwọ́ ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ẹ̀rọ ni a máa ń lọ tún ṣe.